Bí Iná Kò Bá Tán Láṣọ: Àìfọkànbalẹ̀ Ọrọ̀-Ajé àti Ìfẹ̀hónúhàn Mẹ̀kúnnù, láti Ìjà Ìsẹ́yìn àti Òkèhò (1916) títí di Òde Òní

Ìfáàrà

Nígbàkúùgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ dánrawò ìkọ́ni ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìbéèrè kan wà tí ó sábà máa ń bá wọn padà wálé. Báwo ni kí olùkọ́ ṣe sọ ìtàn ìjà ọdún 1916 fún àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré rárá. Ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Òkèhò, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pa àti ọmọ tí baba ńlá tirẹ̀ wà lára àwọn tí ó dìde jókòó sórí àga kan náà. Bí olùkọ́ bá pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀tẹ̀, ó ti dá ọmọ kan lẹ́bi. Bí ó bá sì pè é ní ìjà òmìnira, ó dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ọba tí a ta sílẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń fo orí ìtàn náà, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà ilé.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò yẹ kí a máa fò ó. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a wá ọ̀nà tí a óò fi ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn tí ó jẹ́ pé oko àti òfì wọn nìkan ni wọ́n dojú kọ ṣe di ẹni tí ń dìde sí ìjọba. A óò kọ́kọ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò wò. Lẹ́yìn náà, a óò wo ìjà 1916, a óò wo ti Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969, a óò sì fi ojú kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí a tó padà sí òde òní àti sí kíláàsì wa.

Àlàyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Lò

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin òṣì àti àìfọkànbalẹ̀. Òṣì ni kí ènìyàn má ní. Àìfọkànbalẹ̀ ọrọ̀-ajé ni kí ènìyàn ní díẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kí ó má mọ̀ bóyá yóò tún wà níbẹ̀ lọ́la. Àgbẹ̀ tí iṣu kún abà rẹ̀ lè máà jẹ́ òtòṣì, síbẹ̀ bí kò bá mọ iye tí wọn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì mọ owó tí agbowó-orí yóò béèrè kí òjò tó dé, ọkàn rẹ̀ kò lè balẹ̀. Ìtàn fi hàn pé òtòṣì paraku kì í sábà ṣíwájú ìfẹ̀hónúhàn, nítorí ebi ọjọ́ náà ti gba gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tí ó sábà máa ń ṣíwájú ni ẹni tí ó ní ohun tí ó lè sọnù: oko, òfì, ìsọ̀ tàbí orúkọ rere láàrin ẹgbẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, orúkọ tí a bá fún ìdìde àwọn ènìyàn a máa gbé ìdájọ́ dání. Bí a bá pè é ní ọ̀tẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìjọba. Rògbòdìyàn ń sọ nípa ariwo àti ìdàrúdàpọ̀, kò sì sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ìwọ́de ń tọ́ka sí ìrìn ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú títì. Ìfẹ̀hónúhàn ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí pé ẹ̀hónú gbọ́dọ̀ ti wà nínú kí a tó lè fi í hàn síta. Ní ti Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n fún ara wọn lórúkọ náà. Gbólóhùn odindi ni: *àgbẹ̀ kọ ìyà*. Olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ ni ó wà níbẹ̀, tí a pa fáwẹ́lì àbọ̀ jẹ, tí a sì so wọ́n pọ̀ di orúkọ kan ṣoṣo. Orúkọ náà sọ ẹni tí ó ń ṣe nǹkan, ó sì sọ ohun tí ó ń kọ̀. Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì tún jẹ́ ẹ̀rí pé mẹ̀kúnnù mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ipò Tí Òkè-Ògùn Wà

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, òwú àti tábà ni ilẹ̀ náà ń mú jáde, igi ẹ̀mí tí a fi ń ṣe òrí sì pọ̀ níbẹ̀. Kòkó tí ó sọ àwọn ará ìsàlẹ̀ di olówó kò fẹ́ràn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ fi máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lébìrà nínú oko kòkó ẹlòmíràn. Ní Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ aṣọ òkè híhun gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n òwú tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ni àwọn ahunṣọ ń lò jù lónìí, bí owó náírà bá sì ṣubú, òwú a wọ́n. Àgbẹ̀ tábà pẹ̀lú mọ̀ pé ẹni tí ń rà ni ó ń yan èyí tí ó dára, òun náà ni ó sì ń dá iye lé e.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn lónìí. Ìdídò Ìkéré, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989 lásìkò Ààrẹ Shehu Shagari, ni a gbé kalẹ̀ láti fa omi sí oko àti láti pèsè iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn náà, síbẹ̀ àgbẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run kí ó tó gbin nǹkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní àìfọkànbalẹ̀, kí ó bá irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹta ọdún.

Ìjà Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, 1916

Ní ọdún 1914, Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ní ọdún kan náà ni òfin tuntun lórí kóòtù ìbílẹ̀ jáde. Captain W. A. Ross di Ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1931. Aláàfin tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà ni Ládìgbòlù Kìn-ín-ní, ẹni tí ó jọba láti 1911 sí 1944. Ètò Ross ni pé kí a gbé Aláàfin ga ju gbogbo ọba yòókù lọ ní agbègbè náà, kí àṣẹ ìjọba sì máa gba ọwọ́ rẹ̀ dé Òkè-Ògùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atanda tí ó ṣe ìwádìí tí ó jinlẹ̀ lórí ìjà yìí fi hàn pé a kò lè yọ ìjà náà kúrò nínú ètò ìṣèlú yìí.

Kí ni èyí yí padà nínú ayé mẹ̀kúnnù? Ohun àkọ́kọ́ ni ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀, bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú agboolé, baálé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, a di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, bí kò bá sì tán níbẹ̀, ó di ààfin. Nígbà tí kóòtù tuntun dé, ẹjọ́ di ohun tí a ń sanwó kí a tó pè, ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá pàdé. Ọ̀pọ̀ ìjòyè tí ń dájọ́ tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ń wòran. Ohun kejì ni iṣẹ́ àfipáṣe, pàápàá ti ọ̀nà yíyà, tí ó ń kó àwọn ọkùnrin kúrò lóko nígbà tí oko nílò wọn. Ohun kẹta ni owó-orí tààrà tí ìjọba ń nà dé ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún náà. Ogun Àgbáyé Kìíní tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 tún wá dá òwò rú, nítorí ilẹ̀ Jámánì tí ó máa ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ èkùrọ́ ti di ọ̀tá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjà tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ sì wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìnira nìkan kọ́ ni ó fa ìjà. Ohun tí ó burú jù ni pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn ti dí. Ní ìṣèlú ìbílẹ̀, ọba kì í ṣe ohun tí ó bá wù ú. Àwọn ìjòyè ń kì í wọ̀, wọ́n sì ní ọ̀nà láti kọ̀ ọ́ bí ó bá ti àṣejù bọ̀ ọ́. Lábẹ́ Ajẹ́lẹ̀, agbára ọba kò ti ọ̀dọ̀ ìjòyè àti ará ìlú wá mọ́. Ọba tí ó bá ṣe tinú Ajẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ìlú lè fi í ṣe. Ọba tí kò bá sì ṣe é, ìjọba lè yọ ọ́. Àárín iná méjì ni ọba wà, àwọn ìlú kò sì rí iná kejì náà. Ojú ọba nìkan ni wọ́n ń wò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pa Aṣẹ́yìn ti Ìsẹ́yìn, wọ́n sì pa Oǹjò ti Òkèhò. Kóòtù àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára ohun tí ìbínú náà kọjú sí. Ìjọba kó ọmọ-ogun wá, ìbọn sì borí. Wọ́n dá àwọn tí wọ́n kà sí olórí ìjà náà lẹ́jọ́ ikú. Ní 1917, ìjọba mú kí àwọn ará Òkèhò fi ibùdó wọn àtijọ́ tí òkè yí ká sílẹ̀, kí wọ́n sì wá tẹ̀dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ìlú náà wà títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí dáadáa. Ìlú tí ìletò mọ́kànlá para pọ̀ dá sílẹ̀ sáàrin òkè nítorí ààbò ogun, àṣẹ kan ṣoṣo ni ó gbé e kúrò. Ìjìyà náà kò mọ sórí ẹni tí ó pànìyàn. Ó kan aláboyún, ó kan arúgbó, ó kan ibojì àwọn baba ńlá.

Àgbẹ̀kọ̀yà, 1968 sí 1969

Ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn èyí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún bẹ́ ní ìsàlẹ̀, ní agbègbè kòkó. Láti 1947 ni ìjọba ti ń gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ìgbìmọ̀ náà bá dá. Wọ́n ní àwọn yóò máa tọ́jú èrè ọdún tí ọjà bá dára láti fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún tí ọjà bá kùtà. Nígbà tí ọdún ìkùtà dé, owó náà ti lọ sí ibòmíràn. Àrùn ń jẹ kòkó lóko, Ogun Abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ń jẹ owó ìjọba, owó-orí àti oríṣìíríṣìí owó àfikún sì ń lé sí i. Akódà àti agbowó-orí a máa lé ọkùnrin tí kò ní rìsíìtì lọ́wọ́ wọgbó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Máàpó ní Ìbàdàn. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ E. O. Ayọ̀ọlá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán. Ní oṣù keje 1969, wọ́n pa Sọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń béèrè ni pé kí owó-orí má ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ. Ó yẹ kí a ṣàlàyé èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ìṣirò náà mọ́. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ, èyí tíí ṣe 20,000. Nígbà tí owó Òyìnbó dé, a ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni pọ́n-ún kan, ọ̀kẹ́ mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Ìjọba ń fi pọ́n-ún àti ṣílè kọ̀wé, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi ọ̀kẹ́ ka tiwọn. Ní 1969, nígbà tí owó ẹyọ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ìṣirò rẹ̀ ṣì ni ohùn tí àgbẹ̀ fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Kí ni ó parí ìjà náà? Ìbọn kọ́. Ní oṣù kẹwàá 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ lọ sí Akànrán láti bá Tàfá Adéoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjọba sì gbà láti sọ owó-orí náà di pọ́n-ún méjì, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Kò tó ohun tí àgbẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti wá bá wọn jókòó, ó sì ti gbọ́ wọn.

Àpẹẹrẹ láti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn kan lè rò pé ìwà ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò tíì là ni èyí. Àìrìn pọ̀ ni í jẹ́ ọmọ ejò níyà. Ní 1786, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà parí ogun òmìnira rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Massachusetts dìde. Gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó-orí pọ̀, kóòtù sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá rí owó san. Jagunjagun àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Daniel Shays wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n dí ẹnu ọ̀nà kóòtù kí adájọ́ má baà lè jókòó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1787, wọ́n gbìyànjú láti gba ilé ìkóhun-ìjà-sí ní Springfield, àwọn ọmọ-ogun sì tú wọn ká.

Ìjọra tí ó wà láàrin ìjà yìí àti ti Ìsẹ́yìn àti Òkèhò hàn kedere: àgbẹ̀, owó-orí, àti kóòtù tí ó di ohun ìbẹ̀rù. Ìyàtọ̀ wọn ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní Massachusetts, ìbò dé ní 1787, àwọn ènìyàn yọ Gómìnà James Bowdoin, wọ́n sì fi John Hancock rọ́pò rẹ̀. Wọ́n sì dárí ji ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dìde. Ará Òkèhò kò ní ìbò tí ó lè fi yọ Ajẹ́lẹ̀.

Títí di ayé òde òní ni ọ̀rọ̀ náà ń padà wá níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ètò báńkì Amẹ́ríkà dojú rú ní 2008, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàdánù ilé àti iṣẹ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sínú ọgbà Zuccotti ní New York láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Wọ́n ní àwọn ni mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, pé ẹyọ ẹnìkan tí ó kù ni ó kó ọrọ̀ ìlú dání. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ó kàwé, tí ó jẹ gbèsè nítorí ìwé náà, tí kò sì ríṣẹ́. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Lóde Òní

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Lítà epo tí kò tó igba náírà ré kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Àgbẹ̀ tí ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù keje 2024, ìjọba sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù di 70,000 náírà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn wọ́de káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀mí sì ṣòfò, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá.

Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2024. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú nínú ìwọ́de náà wá sí kóòtù ní Àbújá, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Àwọn kan nínú wọn ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ààrẹ pàṣẹ pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà kò ju ti àwọn tí a ń kọ́ lọ.

Bí a bá wo gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni ó ń padà wá. Ọ̀nà àtijẹ kò dáni lójú mọ́. Ẹrù tuntun dé, wọn kò sì bi ẹni tí yóò rù ú. Ọ̀nà tí a fi ń sọ̀rọ̀ sì dí. Bí ohun méjì àkọ́kọ́ bá wà, àwọn ènìyàn a máa kùn. Bí ẹ̀kẹta bá wá dà pọ̀ mọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ kò jìnnà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní. Èkíní, kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ to ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá jiyàn lórí ọ̀tẹ̀, rògbòdìyàn àti ìfẹ̀hónúhàn, kí oníkálukú sì sọ ìdí tí ó fi yan tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè ni, ẹ̀kọ́ ìtàn sì ni pẹ̀lú.

Èkejì, kí ó fún àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn ní ohùn. Ọmọ kan lè kọ ìjíròrò láàrin ọba tí Ajẹ́lẹ̀ ń fún ní àṣẹ àti ìjòyè tí ó wá bẹ̀ ẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹni tí wọ́n pa àti ọmọ ẹni tí ó dìde yóò rí i pé àwọn baba ńlá wọn jọ wà nínú àwọ̀n kan náà ni, àti pé ọwọ́ tí ó ta àwọ̀n náà kò sí ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Òkèhò. Èyí kò sọ ìpànìyàn di ohun rere, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi bò ó.

Ẹ̀kẹta, kí ó rán wọn sí àwọn àgbà. Ìtàn agboolé ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹnu tí ń sọ ọ́ ń dín kù lọ́dọọdún. Kí ọmọ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, bí àgbà bá sì ní òun kò ní sọ, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì dúpẹ́.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdìde mẹ̀kúnnù kì í ti ojú ọ̀run já bọ́. Ìjà 1916 ní orírun, Àgbẹ̀kọ̀yà ní orírun, àwọn tí ó sùn sínú ọgbà ní New York pẹ̀lú ní ìdí tiwọn. Níbi tí wọ́n ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tàbí ìbò tí wọ́n lè fi yan ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Níbi tí wọn kò ti rí i, ìlú ṣí kúrò lórí òkè.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò lọ sí Òkèhò lọ́dún tí ń bọ̀ má fo orí ìtàn náà mọ́. Kí ó ṣí i, kí ó kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n béèrè. Kíláàsì tí ọmọ ti lè bi olùkọ́ ní ìbéèrè láìbẹ̀rù jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ó ti ń mọ̀ pé a lè fi ẹnu sọ ohun tí ó ń dunni, kí a sì rí ẹni tí yóò gbọ́.